Ẹ̀gbọ́n Ló Ń Lé Orin

Ọdún méjìdínlógún ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ kan náà. Aṣọ ibùsùn ni iṣẹ́ wa. Tó bá gbẹ tán, àwa méjèèjì á di etí rẹ̀ mú, méjì méjì, a ó nà án títí yóò fi gún, a ó wá ká a. Orin la fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń lé, èmi ń gbè. Bí mo bá fà á wọ́, wọ́n á fi orin náà bú mi pé ọwọ́ mi kúrú. Báyìí ni gbogbo yàrá ṣe sọ mí ní Kúkúrú. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń gbọ́.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Ó wà nínú wọn bí omi inú àgbọn, ṣùgbọ́n kò ríbi jáde. Ọmọ wọn ọkùnrin fẹ́ mú wọn lọ sí ìlú tó ń gbé. Èmi fẹ́ kí wọ́n dúró tì mí. A bi wọ́n léèrè. Wọ́n mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mi orí bẹ́ẹ̀ ni fún èmi náà. Ọmọ náà ní ibi tí ìyá òun bá fẹ́ lòun fẹ́, pé òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó ń fi orin tọ́jú àwọn aláìsàn. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lè máa kọrin, pé kí n mú orin tiwa wá. Mo lé e lọ́jọ́ Ajé, mo lé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí ohùn mi fi há. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí bí ẹni tí àbúrò ń yájú sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ojú yẹn tó yé mi. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò kì í lé orin. Mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa aṣọ ibùsùn yọ, ó fi etí kan sí ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi, òun fúnra rẹ̀ di èkejì mú. Mo di tèmi. Mo gbè, mo sì dákẹ́ níbi tí lílé yẹ kó wà. Mo tún gbè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohùn kan jáde.

“Ọwọ́ ẹ kúrú,” ni ẹ̀gbọ́n mi kọ.

Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbà mí mú. Mo fi ohùn orin kan náà bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ máa gbé.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n kọ. “Ọ̀dọ̀ ọmọ mi.”

Mo rò pé orin ló ṣì wọ́n lẹ́nu. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n tún fi orin dá mi lóhùn.

“Ó ti rẹ̀ ẹ́, Kúkúrú. Lọ sinmi.”

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ọmọ náà lórí fóònù. Mo ní ìyá rẹ̀ ti dáhùn. Ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀. Mo bá kọ ọ́ lórin fún un.