Ẹnu Tí Màmá Agbẹ̀bí Fi Ń Tọ́ Kéèkì Wò

Ṣọ́ọ̀bù Sọ-ọ́ kò tóbi. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú rẹ̀, ẹnì kẹrin ní láti dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa fi bàtà inú gíláàsì ṣe ìran wò. Ó wà láàárín ọkùnrin tó ń tún aago ṣe àti ilé oògùn kan, lójú pópó kan ṣoṣo tí ìlú kékeré náà ní tó ṣeé fi yangàn. Aṣọ ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n Sọ-ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́yìn káńtà, á máa dín ìbàdí tèyí kù, á máa tú etí tọ̀hún sílẹ̀. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í tún gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Sọ-ọ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un, torí obìnrin náà kò lè rí aṣọ tí kò bá èèyàn mu kó panu mọ́. Àwọn ọlọ́jà yòókù á ní, "Háà, ó yẹ yín o! Ẹ dà bí ìyàwó tuntun." Irọ́ gbuu, àpò yín ni wọ́n ń wò. Ti Sọ-ọ́ yàtọ̀. Á fọwọ́ lé ìbàdí, á wò yín láti òkè délẹ̀, á ní, "Ẹ bọ́ ọ. Kò bá yín mu." Lọ́jọ́ kan, ìyàwó lọ́yà kan wọ búláòsì pupa tó ní òdòdó ràgàjì láyà. Sọ-ọ́ ní, "Àǹtí, aṣọ yìí ń pariwo, ẹ̀yin náà ń pariwo. Ẹ bọ́ ọ kí ẹnì kan lè sinmi nínú yín." Obìnrin náà fi ìbínú jáde, ó ní òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé. Kó tó di Sátidé kejì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Sọ-ọ́ bá òun wá èyí tó máa dákẹ́.

Nínú gbogbo oníbàárà, Màmá Agbẹ̀bí ni ààyò rẹ̀. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni Màmá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn tó ń rìn lójú pópó yẹn ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Ní Sátidé, lẹ́yìn tó bá ra bọ́tà àti ẹyin tán, á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á wọ gáùn bíi mélòó kan wò lẹ́yìn kọ́tìnì, á máa yí síwájú yí sẹ́yìn níwájú dígí. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ra nǹkan kan, Sọ-ọ́ kò sì bìkítà.

"Màmá, èyí mú yín dà bí ìrọ̀rí."

Màmá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

"Wọ́n kọ́ mi, Màmá. Èmi ni mi ò gbà."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday bá mọ́, ó di kéèkì. Kéèkì olósàn ni Màmá ń ṣe, kò sì fi ife tàbí ṣíbí wọn nǹkan kan rí. Ìka rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Á ti ìka bọ inú ohun tó pò, á lá a, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì, á wá bu ṣúgà kún un, tàbí iyọ̀ tíntín, tàbí kó tún ha èèpo ọsàn díẹ̀ sí i. Nígbà tó bá fi máa jáde nínú ófùn, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wa tákísí á ti dé láti òdìkejì ìlú, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, tí wọ́n jọ ń gbé, á ti gbé tíì kaná. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ kù di ọjọ́ kejì.

Àfi ìgbà tí ibà dá Màmá dùbúlẹ̀. Ibà náà lọ, Màmá dìde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a dìde. Ó jẹ ẹran, kò yàtọ̀ sí páálí. Ó bó ọsàn, ó gbé e sí imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní ẹnu òun yóò padà. Ó ṣe tán, òun ló ti ń sọ fún àwọn aboyún látọjọ́ pé kí wọ́n ní sùúrù. Kò padà. Kò sì sọ fún ẹnì kan, torí ó mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé ó ti gba ọbẹ̀ sísè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gba aṣọ fífọ̀, ó ní kí Màmá sinmi. Bí Màmá bá sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kù kí wọ́n máa fi ìnulẹ̀ nù ún bí àga. Kéèkì nìkan ló kù tí wọn ò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kó lọ.

Ó wá ọgbọ́n dá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Ó dùn?"

"Ó dùn, Màmá."

"Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wẹ́kú ni, Màmá."

Kò sí èyí tó wẹ́kú níbẹ̀. Kéèkì àkọ́kọ́ kò ní ṣúgà tó. Èyí tó tẹ̀ lé e níyọ̀ bí omi òkun. Bí Màmá kò sì ṣe mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣe ló tún ń fi kún un, ó ń ha èèpo ọsàn títí ó fi kan funfun abẹ́ rẹ̀ tó máa ń korò. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń fi tíì lé òkèlè kọ̀ọ̀kan lọ́fun bí ẹni ń lo oògùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń wé tirẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, á ní òun ti jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á máa tì í síra wọn lọ́rùn.

"Sọ fún wọn."

"Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Ìwọ lò ń bá wọn gbélé."

"Kí wọ́n lè ní mò ń tàbùkù àwọn?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn: èèyàn kì í bu oúnjẹ ìyá rẹ̀ kù lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé Màmá ń wá ìyìn ni. Kò sí èyí tó ronú kàn án pé obìnrin tí kò béèrè irú rẹ̀ rí, tó wá ń béèrè ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni. Inú ń bí mi sí wọn tí mo bá rántí. Wọ́n sì jẹ́ ọmọ dáadáa o, ibi tó ti dùn mí nìyẹn.

Ìyìn yẹn ló gbé Màmá dé ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ fún Sọ-ọ́ pé òun fẹ́ máa gbé kéèkì wá ní Sátidé, kí àwọn tó wá ra aṣọ lè máa rí nǹkan fi panu. Inú Sọ-ọ́ dùn, ó palẹ̀ àpótí bọ́tìnì mọ́ kúrò lórí káńtà. Màmá wá ṣe kéèkì ní Fúráídé, ó gbé e dé ní Sátidé, ó fi aṣọ funfun bò ó, òun náà wọ bàtà tó máa ń dá pamọ́ fún ìjáde. Ṣọ́ọ̀bù kún. Sọ-ọ́ gé kéèkì náà, ó sì kọ́kọ́ ju ẹyọ kan sẹ́nu ara rẹ̀.

Ó rún un lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Ìyàwó lọ́yà ti na ọwọ́. Sọ-ọ́ yára fa síkáàfù kan lára àwọn tó fi kọ́, ó fi bo kéèkì náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án." Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Màmá, kéèkì yìí kò ṣeé jẹ."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà wọn náà ni. "Ó mú mi dà bí ìrọ̀rí, àbí?"

"Mi ò ṣàwàdà, Màmá. Iyọ̀ ti bà á jẹ́. Ó sì korò."

"Àwọn ọmọ mi jẹ irú rẹ̀ ní Sunday tó kọjá. Wọ́n ní ó dùn."

"Wọ́n purọ́ fún yín."

Màmá jókòó sórí àpótí tí wọ́n máa ń kó aṣọ lé, kò tilẹ̀ kó àwọn aṣọ náà kúrò. Sọ-ọ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mo bi wọ́n," Màmá wí. "Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò bi wọ́n. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé mò ń béèrè ni. Ẹnu mi ti kú, ọmọ mi. Látìgbà tí ibà yẹn ti ṣe mí. Ẹnu tiwọn ni mo fi ń tọ́ nǹkan wò."

Sọ-ọ́ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kàn ń fọwọ́ pa orúnkún Màmá ni.

Màmá kò pariwo nígbà tó délé. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. A ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ ni." Màmá ní, "Mo ti gbọ́. Dìde." Ìbá sàn ká ní ó pariwo. Látọjọ́ náà, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nínú ilé yẹn. Bí wọ́n bá ní òjò ti dá, á lọ ṣí fèrèsé. Bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ kò gbóná jù, á fọwọ́ kan abọ́. Bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ ń yá, á kàn máa wò wọ́n. Ófùn dá wáí. Oúnjẹ tí kò ní adùn kì í wọ ọ̀fun, ó ń rù, kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Àwọn Sátidé ń kọjá, Sọ-ọ́ ń yọjú wo ojú pópó. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó rán gáùn búlúù kan fún Màmá láìwọn ara rẹ̀, ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, ó sì gbé e lọ sílé ní Sunday. Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un. Òórùn ọsàn ti gba ilé kan.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, Àǹtí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo bẹ Màmá títí kí wọ́n tó gbà láti ṣe kéèkì lónìí. Ife àti ṣíbí ni wọ́n fi wọn gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù. Tí wọ́n bá gbà pé ó dùn, wọ́n á tún máa ṣe é. Tí wọn ò bá gbà…"

Inú Màmá dùn láti rí Sọ-ọ́. Ó gba gáùn náà, ó wọ̀ ọ́ nínú yàrá, ó sì jáde wá síwájú dígí pálọ̀. Gáùn náà rọ̀ sí i lára bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Èjìká ti bọ́ sí apá, ọrùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, egungun àyà yọ. Sọ-ọ́ la ẹnu láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó wá rí ọwọ́ Màmá tó ń tún ọrùn aṣọ náà ṣe, bó ṣe gbẹ tó, àánú sì ṣe é, àánú burúkú.

"Ó bá yín mu, Màmá," ó wí. "Ó bá yín mu gan-an."

Màmá wò ó nínú dígí fún ìgbà díẹ̀. "O ṣeun," ó ní. Kò bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ lọ sí kíṣìnnì.

Kéèkì ti tutù. Màmá gé e, ó fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ tàn, omijé sì lé ròrò sí i. "Ó dùn, Màmá! Bíi tàtijọ́ gẹ́lẹ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra." Màmá tẹjú mọ́ ọn, bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ obìnrin tó ń rọbí láti mọ ibi tó bá a dé. Ó wá kọjú sí Sọ-ọ́.

"Ìwọ jẹ ẹ́. Ìwọ kì í tàn mí."

Sọ-ọ́ jẹ ẹ́. Ó rọ̀ lẹ́nu, ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọsàn rẹ̀ sì rọra jáde lẹ́yìn tó gbé e mì tán. Kò jẹ kéèkì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, kò tilẹ̀ jẹ irú rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá nígbà tí ẹnu Màmá ṣì yè. "Ó dùn, Màmá," ó wí. "Òótọ́ ni mò ń sọ. Ó dùn gan-an."

Màmá fọwọ́ kó aṣọ tó ṣẹ́ kù níkùn gáùn búlúù náà jọ. Ó kún ọwọ́ rẹ̀.

"Bí aṣọ yìí ṣe bá mi mu náà ló ṣe dùn, àbí?"

"Màmá, aṣọ yẹn… mo kàn… Kéèkì yàtọ̀, Màmá! Ẹ dákun, ẹ gbà mí gbọ́. Aṣọ yẹn tóbi, mo purọ́, ó tóbi gan-an, ṣùgbọ́n kéèkì yìí—"

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi," Màmá wí. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá. "Gbogbo yín lẹ fẹ́ràn mi."

Ó gbé pan náà, ó da kéèkì sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi ọ̀bẹ ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Ọmọbìnrin rẹ̀ dì í lápá mú, Màmá rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Sọ-ọ́ ń sunkún, èérún kéèkì ṣì wà létè rẹ̀. Màmá fọ pan, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àwọn ìkòkò ńlá.

"Kó ẹyin tó kù fún àwọn ará ilé kejì," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní lò wọ́n mọ́."