Oko Tí Wọ́n Ní Kì í Ṣe Oko

Ta ni yóò wo Mutonyi, obìnrin tó ti ń ká kọfí lórí ilẹ̀ kan fún ogójì ọdún, lójú, tí yóò sọ fún un pé kò ní oko? Gidudu ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kọfí. Ọmọ tí Mutonyi fún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ló dúró ti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kọfí yìí, tó di fóònù mú, tó ní àpò kọfí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí Mutonyi gbé wá kò ṣeé gbà.

"Mayi," ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lágbègbè náà, "igbó ni wọ́n pe oko yín nínú àwòrán." Kò lè gbójú sókè.

Òfin tuntun ló dé láti ìlú àwọn òyìnbó tó ń ra kọfí wọn. Wọn ò fẹ́ kọfí tó bá ti ibi tí wọ́n ti pa igbó run wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, Mutonyi gan-an pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á nípàdé. Ó ní àsìkò òun ló dé yìí. Ṣebí òun nìkan ni kò gé igi ní apá ibẹ̀ lára òkè Masaba? Gbogbo àwọn tó kù ti fi tiwọn ṣe èédú. Abẹ́ igi ni Mutonyi ń gbin kọfí sí, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Àṣé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán láti ojú ọ̀run kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ igi. Ewé ló rí, ó pe ibẹ̀ ní igbó. Bí kọfí bá sì ti inú igbó jáde, wọ́n ní arúfin ló ká a. Woniala tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti gé igi tirẹ̀ tán pátápátá kí ọjọ́ tí òfin dá tó pé. Oko rẹ̀ mọ́ kedere bí orí apárí, wọ́n sì fún un níwèé àṣẹ láti ta kọfí. Ẹni tó gégi gba ìwé, ẹni tó dá a sí di arúfin. Irú ìkà wo nìyẹn?

Mutonyi béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Gidudu ní òun lè kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó náà, àmọ́ èsì lè má dé títí àsìkò yóò fi kọjá. Kọfí á ti bu nígbà náà.

Ibẹ̀ ni Woniala ti sún mọ́ ọn, tó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun á ra àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ìdajì owó, òun á dà á mọ́ tòun, ìwé òun á gbé e kọjá. Ìyẹn ì bá ṣì mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu ò dákẹ́.

"Mayi, kí lẹ tiẹ̀ ń fi àwọn igi yẹn ṣe? Ẹ gé wọn, kẹ́ ẹ gbin àlùbọ́sà. Wọn kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ àlùbọ́sà."

A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀! Ọdún kejì rèé tí òkè ya lulẹ̀ nígbà òjò. Ẹrẹ̀ àti òkúta ń ya bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìdí igi Mutonyi ló ti dúró. Ilé Woniala ló wà nísàlẹ̀ àwọn igi náà gan-an, òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé adìẹ wá fún Mutonyi, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ọdún méjì péré, ó ti gbàgbé.

 Mutonyi yíjú padà, ó gba ilé lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó kù níbẹ̀ rò pé ó lọ sunkún ni. Nígbà tó dé, àáké ló gbé bọ̀, ó sì fi í lé Woniala lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

"Wá bá mi gé e," ó ní. "Ìwọ lò ń sùn sábẹ́ ẹ̀. Èyí tó wà lókè ilé ẹ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí ìyàwó ẹ lè máa wò ẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Woniala wo àáké, ó gbójú sókè wo òkè. Ó gbé àáké náà sílẹ̀. Ó wá rìn lọ sídìí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ti ń to àpò rẹ̀ sí, ó fa àkọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, ó fa ìkejì.

Gidudu bi í pé kí ló ń ṣe.

"Kọ ọ́ sínú fóònù ẹ," Woniala ní. "Kò sí kọfí níbí. Bí oko Mayi bá jẹ́ igbó, igbó ni gbogbo wa."

Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ àwọn igi náà dìde, wọ́n sọ àpò tiwọn kalẹ̀. Lófìfo ni ọkọ̀ náà bá lọ.

Mutonyi gbé àáké rẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú ṣì ń bí i. Àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì wà nílẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó rà á.