Ọlẹ̀ Kò Sọ

Nígbà tí Jọkẹ́ gbọ́ ní ìlú Idigny pé Wùmí àbúrò òun ti lóyún oṣù márùn-ún, kò dúpẹ́. Ó da iṣu tó ń bẹ sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Kétu lọ tìbínútìbínú.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọdún tí Dahomey gba òmìnira, òun àti Sàláwù, ọkọ Wùmí, ni wọ́n jọ wà ní ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n gé ọmú òsì Wùmí nítorí kókó. Dókítà ní ohun kan náà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń darí ọmú àti ilé ẹyin obìnrin. Kókó tó bá yọ nínú ọ̀kan lè yọ nínú èkejì. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ikùn bá wú pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n máa bọ̀.

Sàláwù gbọ́ o, etí rẹ̀ kò di. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méje tó ti ń wá ọmọ. Bí ikùn ìyàwó rẹ̀ ṣe yọ báyìí, Ṣàkírátù, ẹ̀gbọ́n Sàláwù obìnrin, fi okùn dúdú dè é nídìí kí oyún má bàa wálẹ̀. Ní ilé wọn, aboyún tí wọ́n bá dè kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú títí yóò fi bímọ.

Nígbà tí Jọkẹ́ dé ilé wọn ní Kétu, ó gbọ́wọ́ lé ikùn náà. Ó le koko. Ó bi Wùmí bóyá ọlẹ̀ ti sọ. Wùmí wolẹ̀, ó ní rárá.

"Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ gbọ́rọ̀ dókítà," ni Jọkẹ́ wí fún Sàláwù. "Kí lo wá ń fi okùn dè?"

Sàláwù ní kí ẹ̀gbọ́n ṣe sùúrù, pé ọmọ mìíràn máa ń ya ọ̀lẹ. Irú ìsọkúsọ wo nìyẹn! Jọkẹ́ fi ọ̀bẹ gé okùn náà, Ṣàkírátù ń ṣépè lé e lórí, ó sì gbé àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Àjàṣẹ́.

Dókítà tẹ ikùn náà, ó pe Jọkẹ́ síta. Kókó inú ilé ẹyin ni. Ó ti tàn ká gbogbo inú. Ká ní wọ́n tètè wá ni, ìbá ṣeé gé. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Jọkẹ́ padà síbi ibùsùn, kò mọ ẹnu tí yóò fi sọ pé kò sí ọmọ níbẹ̀.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Wùmí wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ fún Sàláwù. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n pe òun ní bàbá fún oṣù díẹ̀ ná."