Mágásíìnì Tí A Fi Òróró Yàn

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Adéṣẹ́gun fi ṣe olùyẹ̀wò ọjà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìdérí ìgò n'Íbàdàn. Nígbà yẹn, tó bá ti lè ní "Kò dára," ẹ̀rọ á dúró, mánéjà á dúró, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ á gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wá dé Toronto, ó fi ọdún méjì gbáko di ẹrù sínú páálí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó bi í bóyá páálí ọ̀hún dára. Ìyẹn ló dùn ún jù. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe rent.

Nígbà tí Rayyan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọdẹ ní Whitby, wá gbà á fún oṣù mẹ́ta láti fi wò ó, ńṣe ni Adéṣẹ́gun ń rìn bí ẹni tí wọ́n dá oyè rẹ̀ padà fún. Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ìbọn kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yin ọ̀kẹ́rẹ́ àti agolo. Inú mágásíìnì ni wọ́n ń to ọta wọn sí kí wọ́n tó tì í bọ abẹ́ ìbọn. Èyí tó bá ìbọn wá kì í gbà ju mẹ́wàá lọ, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe èyí tó ń gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló wà níwájú Rayyan: pupa, búlúù àti aláwọ̀ ewé. Ọ̀kan ló fẹ́ máa tà, Adéṣẹ́gun ni yóò sì sọ èyí tí ọta kò ní máa há sí lẹ́nu. Bí ìdájọ́ rẹ̀ bá dúró títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ti di olùyẹ̀wò padà. Bí kò bá dúró, páálí ń dúró dè é.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ni Adéṣẹ́gun ń kó mágásíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìsí ọta nínú wọn, sínú ike ice cream lọ sílé wọn ní Weston, lórí àjà kẹrìnlá. Á tẹ sípíríngì wọn, á tan iná sí wọn lẹ́nu, á gbé wọn sétí. Ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì ni Gbémisọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ti ń rí ibi jẹ ìrẹsì tiẹ̀.

"Daddy Túnmiṣe, ẹ tún ti ń bá nǹkan yẹn sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Tiẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti dájọ́. Aláwọ̀ ewé ń dún woroworo, ẹnu rẹ̀ kò sì dọ́gba. Sípíríngì búlúù ya ọ̀lẹ. Ó wá fi àtàǹpàkò pa pupa lára bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Èyí lọmọ gidi," ló wí. "Gbémi, bá mi fi í sínú àdúrà." Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá panu mọ́.

Gbémisọ́lá kì í ṣe ẹni tí ń fi ọwọ́ lásán gbàdúrà. Ó ní ìgò òróró kan tó gbà níbi ìpàdé àdúrà kan ní Oakville. Ó ti fi pa pásípọ́ọ̀tù, ó ti fi pa bàtà yìnyín, ó ti fi pa winter tyres mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mẹkáníìkì fi ń béèrè bóyá wọ́n dín dòdò lórí wọn ni. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ike, ó mú pupa jáde, ó kán òróró sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀meje, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Ó wá kán ẹ̀kẹjọ fún oṣù mẹ́ta probation ọkọ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan àwọn méjì yòókù, nítorí kí ló kàn án nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kọ̀?

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sí pápá ìyìnbọn. Rayyan tó ní ìwé àṣẹ ló ń yìn, Adéṣẹ́gun ló ń kà. Aláwọ̀ ewé yin igba ọta láìwúkọ́. Búlúù há lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti pupa bọ̀ ọ́. Ó yin ẹyọ kan, ó há. Wọ́n tú u, wọ́n tún un kì, ó há. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ yin ẹyọ kan.

"You said red," ni Rayyan wí.

Gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn ṣubú lé Adéṣẹ́gun lórí. Ó gba pupa, ó gbé e súnmọ́ imú. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ti ìbọn rárá, òórùn ọjọ́ Ìsinmi ni: òróró ólífì pẹ̀lú lọ́fínńdà. Ọta kékeré yìí ní ìda lára, òróró sì ti pò ó mọ́ èéfín ìbọn, ó ti di ohun kan bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀kọ tó jóná. Inú bí i, ojú sì tì í ju bí inú ṣe bí i lọ. Ó ní kí Rayyan jọ̀ọ́, kó fún òun di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè. "Gbémi, ṣé o fi òróró sínú nǹkan yìí?"

Ojú Gbémisọ́lá tàn. "Ó ti ṣiṣẹ́?"

"Ó há! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìbọn ò yìn!"

Gbémisọ́lá ronú díẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ṣebí ìbọn ni. Ẹ̀mí Mímọ́ ni ò jẹ́ kó yìn. Testimony nìyẹn o!"

"Testimony kí ni? Agolo là ń yìn!"

"Agolo náà ní ẹni tó ni í."

Adéṣẹ́gun jókòó gbì. "Èmi ni mo ní ó dára. Tí mo bá tún ní nǹkan dára nílùú yìí, ta ni yóò gbà mí gbọ́?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ fi àríyànjiyàn sílẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà sídìí páálí ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó rọrùn kí Adéṣẹ́gun dá ilé iṣẹ́ tó ṣe pupa lẹ́bi. Ó rò ó, kò lè purọ́ náà. Gbémisọ́lá ní òun tí òun dá ọ̀ràn ni yóò rò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ kóòtù tó fi ṣe Àjíǹde, ó dé fìlà, ó sì bá ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin GO train lọ sí Whitby.

Rayyan gbọ́ ọ títí dópin. Ó béèrè iye ìkán tó kán sí i. Mẹ́jọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ? Gbémisọ́lá ṣàlàyé, Rayyan sì kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá ní òdodo ni pé kí àwọn méjì yòókù náà gba mẹ́jọ mẹ́jọ. Gbémisọ́lá yarí: ẹ̀mí òun kò gba aláwọ̀ ewé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó dijú, tó kán mẹ́jọ sí i, tó sì ń yínmú bó ṣe ń ṣe àdúrà kúkúrú kan fún un.

Ní pápá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há kanrin. Wọ́n fọ wọ́n, wọ́n gbẹ wọ́n, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Búlúù há lẹ́ẹ̀mẹta. Aláwọ̀ ewé, tó kàn ríire lánàá, há lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Pupa yin igba láìwúkọ́. Ojú Adéṣẹ́gun kò tíì fọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, Rayyan pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti béèrè fún ọ̀ọ́dúnrún pupa, ó sì na bírò sí Adéṣẹ́gun pé kó fọwọ́ sí i. Gbémisọ́lá ti ń kọrin ọpẹ́ lábẹ́lẹ̀. Adéṣẹ́gun gba bírò náà, ó wo ìwé, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Kò dára."

"Which one?"

"Gbogbo wọn." Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn nǹkan rẹ̀ tí kì í fi òróró pa á. Oníbàárà kan á fi ti ọkọ̀ pa á, òmíràn á fi ti ẹ̀pà, òmíràn á ní ìyàwó. Ohun tí ìkán mẹ́jọ ń dá dúró kò tíì tó tà. Kí ilé iṣẹ́ lọ tún un ṣe.

Gbémisọ́lá di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Daddy Túnmiṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i."

"Kò dára, Gbémi."

Rayyan mú fóònù, ó pe ilé iṣẹ́ náà, ó ní kí wọ́n dá ọ̀ọ́dúnrún náà dúró, olùyẹ̀wò òun kò gbà. Ó bo fóònù lẹ́nu, ó sọ fún Adéṣẹ́gun pé kó wá ní Mọ́ńdè, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé e: mágásíìnì kankan kò gbọdọ̀ délé mọ́, òróró kankan kò sì gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbémisọ́lá ní "Yes, yes," kíá, kíákíá tó fi jọni lójú.

Bí wọ́n ti ń jáde, Rayyan kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń bá ilé iṣẹ́ jà lọ́wọ́. Adéṣẹ́gun di ilẹ̀kùn mú fún ìyàwó rẹ̀. Ó rí àtàǹpàkò Gbémisọ́lá tó gba ara férémù ilẹ̀kùn kọjá wéré, ó rí ibi tí òróró ti ń dán. Ó rí i dáadáa, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.