Edé Ìrù Pupa Inú Adágún In-Tafuk

Òjò ti rọ̀ sí òkè Ahaggar láàárín aṣálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá gígùn, adágún orí àpáta ní In-Tafuk sì ti kún. Takama, obìnrin tó ń ṣèwádìí nípa ohun abẹ̀mí inú omi, gba ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí omi bá ti dé, ẹyin edé tó ti sùn nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ á di ọmọ. Ọmọ á dàgbà, á yé ẹyin tirẹ̀, á kú, omi á sì gbẹ. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà, àpáta lásán ni yóò bá.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fọ́ àpáta náà kí ọ̀nà ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn aláṣẹ ní àwọn á yí ọ̀nà náà gba ibòmíràn bí Takama bá lè fi hàn pé edé ìrù pupa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ní adágún mìíràn lágbègbè náà, ṣì ń gbé In-Tafuk. Edé funfun nìkan ló ti rí ní gbogbo adágún ìsàlẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, Biska, tó kó ràkúnmí gba ọ̀nà kejì, ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó ń gbọn ìkán omi tó gbẹ̀yìn nínú àpò awọ rẹ̀ sínú adágún náà.

“Biska! Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Ṣé orí yanrìn ni kí n da omi tó kù sí ni? Ta ló tọ́ ẹ gan-an?”

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀ wọn, omi àtijọ́ tó bá kù nínú awọ, inú adágún ni wọ́n ń dà á sí kí wọ́n tó pọn tuntun. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí Takama rántí kìlọ̀ fún un.

“Níbo lo ti pọn ọ́n?”

“Níbi tí omi wà. Mo sì ń bù kún un lójú ọ̀nà.”

“O ò fi asẹ́ sẹ́ ẹ?”

“Kí n sẹ́ kí ni? Omi tó bá lẹ́ran nínú, ọbẹ̀ ni.”

Arákùnrin ìyá Takama ló bí Biska, àṣà sì fún irú wọn láyè láti máa bú ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Lọ́jọ́ yìí Takama kò rẹ́rìn-ín. Ó ju àwọ̀n sómi, ó sì fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ohun tó gbé jáde: edé funfun mẹ́ta, àti ọ̀kan tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ìrù rẹ̀ pupa.

“Òun nìyẹn!” ni Biska wí. “Ó parí. Ká máa lọ.”

“Kò parí. Inú awọ rẹ ni àwọn funfun yìí ti wá. Bí wọ́n bá ní pupa náà bá wọn wá ńkọ́?”

“Ìwọ yìí, bí ọkùnrin bá wá fẹ́ ẹ, wàá ní kó mú ẹlẹ́rìí wá pé ọkùnrin lòun.”

“Gbé abọ́ yẹn fún mi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.”

Ó da àwọn edé náà padà. Ó gùn lọ síbi tí omi ọdún yìí kò kàn, ó ha ẹrẹ̀ gbígbẹ àtijọ́ jáde nínú pàlàpálá àpáta. Ẹyin tó bá wà níbẹ̀, kò lè jẹ́ inú awọ Biska ló ti wá. Ó se omi títí ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀ fi kú, ó jẹ́ kó tutù, ó sì dà á lé ẹrẹ̀ náà lórí.

Lẹ́yìn náà kò lè jókòó. Ó gbé abọ́ sí ìbòòji, ó tún wá ìbòòji mìíràn. Tíì rẹ̀ tutù láìmu.

“Bó o tẹjú mọ́ ẹyin títí,” ni Biska wí, “kò ní torí ẹ yára.”

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bíi eruku bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́npọ́n nínú omi. Biska pariwo ayọ̀.

“Wọn ò tíì nírù,” ni Takama wí.

Ràkúnmí ò lè dúró mọ́. Koríko ti tán. “N ó sọ fáwọn aláṣẹ pé o ti rí i,” ni Biska wí.

“Ohun tó o rí ni kó o sọ: ọmọ edé tá ò tíì mọ àwọ̀ ìrù wọn.”

“Wọ́n á fọ́ àpáta yẹn o.”

“Mo mọ̀,” ni Takama wí.

Biska fi dábínù àti ìyẹ̀fun sílẹ̀ fún un. Takama ń wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ sómi fáwọn edé. Gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló ń gbọ́ létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Eruku ń gòkè bọ̀ ní àfonífojì. Ó wo inú abọ́: àwọn edé ti ní ìrù, ṣùgbọ́n òkùnkùn àpáta kò jẹ́ kó dá àwọ̀ wọn mọ̀. Ó gbé e jáde sínú oòrùn.

Pupa. Gbogbo wọn.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá abọ́ náà mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé ariwo ọkọ̀ náà. Ó wù ú kó sáré, ṣùgbọ́n omi lè dànù. Ó fipá mú ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn.