Ọmọ Tí Kò Yọ̀ Lórí Pápá

Láti ìgbà tí ọkọ mi, bàbá Noluvo, ti kú ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rọ́gbì nínú ọgbà wa. Nígbà ayé rẹ̀, bí a bá ti dé láti ilé ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi ni wọ́n máa ń gbé àga sí, wọn á sì máa pariwo lórí ìdíje ọjọ́ Àbámẹ́ta títí àwọn adìyẹ á fi sá lọ. Ilé ọ̀fọ̀ kì í gba ariwo. Síbẹ̀ wọn kò jáwọ́. Wọ́n ń wá bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í kọjá ẹnu géètì. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Èmi wà lórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí opó ń jókòó sí lọ́dọ̀ wa, nínú aṣọ dúdú mi, tí mo fi píìnì so ìborùn mọ́ ọrùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan, n kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń tú píìnì náà, mo tún ń so ó.

Ohun tó fà á ni pé àwọn obìnrin Border, ẹgbẹ́ rọ́gbì agbègbè wa, na àwọn obìnrin ìlú Gqeberha lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní pápá ìṣeré eMonti, ìlú ńlá wa tó wà létí òkun. Ó pẹ́ tí àwọn ará Gqeberha ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, tí a fi borí, ni nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Noluvo ọmọ mi sì ni nọ́ńbà mẹ́rìnlá.

Kò yẹ kó wà lórí pápá rárá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ilé wọn, dúró lẹ́nu ọgbà màlúù, ó ní gbogbo ọmọ òkú ni yóò ṣọ̀fọ̀ títí di ọjọ́ tí a ó bọ́ aṣọ dúdú: kò sí ijó, kò sí òde àríyá, kò sí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ilé ni mí, ẹnu mi kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bhele, orúkọ ìdílé wọn, ni mo ń pè é. Nígbà tí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí Noluvo pé ènìyàn wọn kò pé, ó wá bá mi, ó jókòó tì mí lórí ẹní, kò sọ pé òun fẹ́ lọ, ó kàn ń fa etí ẹní ya díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó máa lọ. N kò bi Bhele. Mo mọ ohun tí yóò sọ.

Bó bá gbọ́, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá bọ́ aṣọ dúdú, ó lè ní kí wọ́n fi ti Noluvo sílẹ̀ sí i lára, kó tún ṣọ̀fọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tí yóò gbójú lé e mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà.

Bhele sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an, láti wá sọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún aṣọ bíbọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin náà tètè máa lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni opó ṣe ń lé àlejò ọkọ rẹ̀? Makhaya ló jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Òun àti ọkọ mi ló jọ ń fi èjìká ti èjìká nígbà tí àwọn méjèèjì ń gbá rọ́gbì, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti wú bí olú nítorí orí tí wọ́n ń fi gbún un. Àwọn àgbà méjì mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Xolela, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń wa takisí ní Mdantsane, tí kò sì tíì dé ilé wa rí. Òun ló wa gbogbo wọn lọ sí pápá.

Mo tètè rí i pé àwọn àgbà náà mọ̀. Kò sí èyí tó pe orúkọ Noluvo lẹ́nu. Wọ́n ní nọ́ńbà mẹ́rìnlá ṣe báyìí, nọ́ńbà mẹ́rìnlá ṣe báyẹn, bí ẹni pé ọmọ àjèjì kan ni, kò sì sí èyí tó wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Wọ́n ń bò mí láṣìírí. Xolela nìkan ni kò mọ ilé tó wà.

Ó ní kí wọ́n sọ òótọ́, àwọn Gqeberha ló mọ̀ ọ́n gbá jù, afẹ́fẹ́ òkun ló bá wa jà. Makhaya fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi í léèrè.

"Afẹ́fẹ́ ló ti àwọn obìnrin wọn tó sanra yẹn sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n forí gbárí? Ìwọ tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran lo kọjú sí."

"Bàbá, mo lójú méjì."

"Méjèèjì ló wà lára sọ́séèjì."

Àwọn tó kù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ géètì.

Bhele wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nínú ẹ̀wù ilé ìsìn, pẹ̀lú ègé aṣọ dúdú tí àwọn ará ilé òkú máa ń rán mọ́ apá òsì ẹ̀wù wọn. Gbogbo wọn dìde. Wọ́n kí i, ó kí wọn, ó béèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan àti màlúù kọ̀ọ̀kan. Mo jáde, mo tẹrí ba, mo gbé ọtí atalẹ̀ fún un, mo ní àgbàdo gígún àti ẹ̀wà ti jiná nínú ilé, kó wọlé wá jẹun. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ìta ló tu òun lára. Mo ní oòrùn yóò yí débẹ̀ láìpẹ́. Ó wo ojú sánmà tó ṣú, ó wò mí. Mo padà sórí ẹní.

Makhaya ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ń sọ nípa òjò tí kò rọ̀ àti eégbọn ara ẹran. Àwọn àgbà méjèèjì gbè é lẹ́sẹ̀ kíákíá, bí ẹni pé eégbọn ló gbé wọn wá. Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Bhele fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ẹ máa bá bọ́ọ̀lù yín lọ. Mo gbọ́ yín láti ojú ọ̀nà. Àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀ eégbọn lọ́jọ́ Àìkú."

Kò sí ẹni tó la ẹnu àfi Xolela. Ó ní a borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ba ayọ̀ náà jẹ́ fún òun, nọ́ńbà mẹ́rìnlá yẹn ni. Ìgbéraga ni yóò pa ọmọ náà.

Mo dìde lórí ẹní, mo tún jókòó.

"Ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá," ni Xolela wí, "ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, Bàbá, ẹni mẹ́ta ló sá mọ́ lọ́wọ́. Ó gbé e kanlẹ̀. Gbogbo wa dìde, mo gbá ẹni tí n kò mọ̀ rí mọ́ra. Òun ńkọ́? Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó ń rìn padà bí ẹni tó lọ pọnmi. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ gbé e sókè, ó yẹra fún wọn. Nígbà tí fèrè dún tí wọ́n ń kọrin, ìdí òpó ló lọ jókòó sí. Wọ́n ní àwọn Gqeberha ti ń bá a sọ̀rọ̀ kó wá gbá fún wọn ni. Ẹni tí kò yọ̀ nígbà tí ilé ẹ̀ borí, ó ti ń di ẹrù."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Xolela ní, "Bàbá, ẹ̀ ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀."

"Gbé e kúrò níbẹ̀, nígbà náà," ni Makhaya wí.

Bhele kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Xolela pé kí ni ọmọ náà wọ̀. Xolela ní aṣọ ẹgbẹ́ ni. Bhele ní apá rẹ̀ lòun ń béèrè. Xolela rò ó, ó ní ó so nǹkan dúdú kan mọ́ apá òsì, bóyá egbò ló bò. Bí ó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sí apá ẹ̀wù Bhele. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

N kò rí Bhele láti ibi tí mo wà, ẹ̀yìn àga rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo tún so píìnì, ó gún mi lọ́rùn.

"MaDlomo," ló fi orúkọ ìdílé bàbá mi pè mí, láì yíjú padà.

"Bhele."

"Ọmọ ta ni?"

Mo jáde, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ láti ìgbà tí mo ti jí, ọ̀rọ̀ tó rọ̀, tó ní ìtumọ̀, n kò sì rí ọ̀kan mú nínú wọn.

"Ọmọ yín ni. Èmi ni mo ní kó lọ. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́."

Xolela gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Makhaya ní kí Bhele jọ̀wọ́, ó ní gbogbo àwọn ló mọ̀ pé ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀bi má jẹ́ ti obìnrin nìkan. Bhele gbé ọwọ́ sókè, Makhaya sì dákẹ́. Bhele wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Nígbà tí mo sọ pé kò gbọdọ̀ sí bọ́ọ̀lù, mo rò pé kò sí ẹni tó lè gbá a láì yọ̀. Mo mọ bàbá rẹ̀. Bó bá borí, gbogbo abúlé ló ń gbọ́." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ náà ṣọ̀fọ̀ lójú gbogbo ayé. N kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú, MaDlomo. Ẹnu ọ̀nà mi kò jìnnà. Ò bá ti wá bi mí."

Mo ní mo jẹ̀bi.

Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ aṣọ bíbọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé àṣekágbá, Noluvo yóò sì bọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú wa. Kó lọ gbá àṣekágbá náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe lánàá ni kó ṣe.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n dìde. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ṣé wọn kò lè fa ọjọ́ náà wá síwájú, kí a bọ́ aṣọ kí wọ́n tó gbá àṣekágbá, kí ọmọ náà lè ké fáyọ̀ bó bá fẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò tíì bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan rí. Ojú rẹ̀ rọ̀, mo rí i. Ó ní ọ̀fọ̀ kì í tẹ̀ síwájú nítorí bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí n bu oúnjẹ fún òun, ó sì wọlé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe Noluvo, tó ṣì wà ní eMonti lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, lórí fóònù. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti gbọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. 

"Mama, eré sísá kò ni mí lára," ló sọ. "Rínrìn padà yẹn ni. N kò mọ̀ bóyá mo tún lè ṣe é."

Mo ní mo mọ̀.  Mo bi í pé báwo ló ṣe sá mọ́ àwọn mẹ́ta náà lọ́wọ́. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ wúwo, kò lè yípo. Ẹni kejì ti kú fún àárẹ̀. Ẹni kẹta dì í ní ṣòkòtò mú, ṣòkòtò náà sì fà wálẹ̀ dé itan, òun ń fi ọwọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù mú, òun ń fi èkejì fa ṣòkòtò sókè, bẹ́ẹ̀ lòun ṣe sá kọjá ìlà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, ẹ̀rín gidi. Ó gé e lójijì, ó ní kí n má bínú.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní kó tún un sọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.