Àga Ọ̀dọ́ Nínú Ìgbìmọ̀

"Fún wa ní ọdún méjì péré, ọmọ mi. Àyè iṣẹ́ ayàwòrán-ilé tó bá kọ́kọ́ ṣí ní ilé-iṣẹ́ mi, tìrẹ ni. Ẹnu àgbà ni mo fi sọ ọ́."

Báyìí ni Alága wí ní gbangba, ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọmọbìnrin kan jẹ aṣojú ọ̀dọ́ nínú ìgbìmọ̀ Ilé Ìwé Olóhùn. Gbogbo ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ilé àánú ni Ilé Ìwé Olóhùn, kì í ṣe ilé èrè: àwọn tó ríran a máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ níbẹ̀, kí àwọn tí kò ríran lè fi etí kà á. Alága ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ńlá sì ni. Ó fi sùúrù ẹni tó ti sọ̀rọ̀ kan lọ́pọ̀ ìgbà ṣàlàyé pé ẹni tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kì í dìde bó ṣe jókòó: yóò mọ àwọn ènìyàn pàtàkì, yóò kọ́ bí a ti ń darí ìpàdé àti bí a ti ń ṣòfin, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé.

"Owó oṣù kò sí," ni ó wí, "ṣùgbọ́n èrè ń bẹ."

Ayàwòrán ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé àwòrán ilé ni ó kọ́ ní yunifásítì. Òun ló ya àwòrán yàrá ìkàwé tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní kí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká kí ariwo ọ̀nà má baà wọ inú ìtàn. Òun ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Òun ló ń to àga sílẹ̀, òun náà ló ń kó o kúrò, nítorí àga ọ̀dọ́ ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé. Iṣẹ́ fíríìjì títúnṣe ni ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣe. Yàrá tí Ayàwòrán ń sùn sí kún fún fíríìjì tó ti kú àti èyí tó ń kú lọ.

"Ìyáàfin Ìgbìmọ̀, ẹ kú ìpàdé o," ni ẹ̀gbọ́n kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Ṣé wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun tí a óò jẹ?"

"Wọ́n sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀."

"Ẹ gbà mí! Àga lásán ni wọ́n fún ọ, o wá gbé e lérí bí adé."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Alága ti ṣèlérí."

"Èmi náà ń ṣèlérí." Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí àwọn fíríìjì tó tò bẹẹrẹ. "Àwọn tó ni gbogbo ìwọ̀nyí, 'ẹ padà wá lọ́la' ni mo sọ fún wọn."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti yọ síta. "Àǹtí, n ò lé yín o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dé, yàrá yẹn la óò lò. Iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n fi lọ̀ yín yẹn ńkọ́?"

Ayàwòrán ti kọ̀ ọ́. Ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà lóhùn pé iṣẹ́ kan ń dúró de òun níbòmíràn. Wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Nígbà tí ọdún kejì wọlé, àwọn tó ń fowó ran Ilé Ìwé Olóhùn lọ́wọ́ béèrè òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ sọ ilé àánú di oko ìkórè ara rẹ̀. Alága ní kí Ayàwòrán kọ ọ́. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń ya ilé, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kò sì fẹ́ kí ihò kan wà tí eku lè gbà wọlé: ẹni tó bá ń bẹ nínú ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n jọ wà nínú ìgbìmọ̀.

Agbẹjọ́rò àgbà, tó máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Alága, ka òfin náà tán, ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé: àyàfi bí ìgbìmọ̀ bá yọ̀ǹda."

"Ẹ má bínú, sà," ni Ayàwòrán wí. "Bí a bá ti lè yọ̀ǹda fún ara wa, òfin ti di ọ̀ṣọ́ ara ògiri."

Lẹ́yìn náà Alága pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ ọmọ mi! Èrè ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ò mú báyìí nígbà tó dé."

Wọ́n fọwọ́ sí òfin náà bí ó ṣe kọ ọ́. Ayàwòrán kò rò pé ó kan òun. Lójú tirẹ̀, bí ọdún méjì bá pé, òun yóò dìde lórí àga, òun yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Àyè iṣẹ́ ṣí nígbà tó ku oṣù kan kí ọdún méjì náà pé. Ó lọ bá Alága ní ọ́fíìsì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mí lókè orí àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fi páálí ṣe.

"Jókòó, ọmọ mi. Lóòótọ́ ni, àyè ti ṣí. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ìwọ lo kọ ọ́."

"Mo lè fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lónìí, sà."

"Bí o bá fi í sílẹ̀ lónìí, o ò pé ọdún méjì. Ọdún méjì la jọ sọ."

"Oṣù kan ló kù, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àyè náà mú."

"Iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í dúró de ènìyàn. A sì ti mú ẹnìkan. Ọmọ agbẹjọ́rò wa ni. Ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ agbẹjọ́rò, sà?"

"Àwa tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ni òfin rẹ dè. Kò dárúkọ àwọn tí a bí." Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Mi ò ní fẹ́ rú òfin tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ kọ."

Ayàwòrán yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí àwòrán ilé. Bí òun bá jókòó, òfin dí òun lọ́nà. Bí òun bá dìde, ìlérí kò mọ òun mọ́. Eku ti rí ihò tirẹ̀. Ó retí kí inú bí òun, inú kò bí i. Ohùn Alága ń dé etí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú yàrá oní-fóòmù, tí ọkọ̀ ńlá sì ń kọjá lójú títì.

"Ẹ ṣeun, sà," ni ó wí.

Nílé, ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní òfin mi dára."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn fíríìjì kúrò nínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ibùsùn ọmọ. Ayàwòrán di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.

Ní ìpàdé rẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi férémù sí, wọ́n sì jọ ya fọ́tò. Ó kó àwọn àga kúrò.

Alága wí pé àyè iṣẹ́ ayàwòrán-ilé tó bá kọ́kọ́ ṣí, tirẹ̀ ni. Àyè náà ṣí. Wọn kò fún un.